Ẹ̀gbà Àkọ̀ Tí Adelia Fín Lẹ́ẹ̀mejì

Ọwọ́ Adelia ló máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ tó sọ ọ́. Bí inú rẹ̀ bá dùn, irin ìfín á máa yọ̀ lórí fàdákà bí ọkọ̀ ojú omi lórí òkun tó dákẹ́. Bí inú bá ń bí i, ilà á ṣẹ́, á ju fàdákà náà sínú agolo, á sì jáde lọ la igi ìdáná. Gbogbo àwa tí a jọ ń gbé ní abúlé náà, ní etí òkun àríwá erékùṣù Haida Gwaii ní Kánádà, la mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ ọmọ abúlé náà ni, mo ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé wọn kì í pè mí ní àlejò mọ́, èmi àti Adelia sì jọ gé ẹja fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé-iṣẹ́ ẹja alágolo kí wọ́n tó tì í pa.

Ìran Idì ni Adelia. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ń bọ́ sí lọ́dọ̀ wa: bí ìyá rẹ bá jẹ́ Idì, Idì ni ọ́, inú ìran kejì, ti ẹyẹ Ìwò, ni wàá sì ti wá ẹni tí wàá fẹ́. Silas, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin, ló kọ́ ọ níṣẹ́ fàdákà, òun àti Lambert, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀. Àgbàlagbà kan sọ fún Silas nígbà náà pé kí ló ń fi irin lé obìnrin lọ́wọ́ sí. Silas ní, "Ṣé fàdákà ló sọ fún yín pé òun ò fẹ́ ọwọ́ obìnrin ni?" Ọ̀rọ̀ tán.

Ilé kan náà ni Adelia àti Lambert dàgbà sí, ọjọ́ orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n sì ka ara wọn sí. Silas máa ń sọ pé ọwọ́ Lambert yá ju ti Adelia lọ, ṣùgbọ́n sùúrù Adelia ju ti Lambert, ì bá wu òun kí Ọlọ́run da àwọn méjèèjì pọ̀. Nígbà tí Silas kú, ahéré tó ń kó àwọ̀n sí lẹ́yìn ilé Adelia di ilé iṣẹ́ wọn. Fèrèsé kan ló ní, òkun ni fèrèsé náà kọjú sí. Àpótí ìjókòó méjì, pákó iṣẹ́ kan, àti àpótí kékeré tí wọ́n ń kó fàdákà sí. Wọ́n á gé fàdákà pẹlẹbẹ, wọ́n á fi iná sí i títí yóò fi pọ́n díẹ̀, wọ́n á tì í bọ omi kó lè rọ̀, wọ́n á wá fi irin ìfín ti ilà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ojú ìwò, ìyẹ́ idì, eyín béárì.

Ọtí ni wàhálà Lambert. Lọ́dún tí Silas kú, ó mu títí kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀, ó sì ta síbí ìwo tí àwọn baba ńlá wọn fi ń bu òróró ẹja nílé àsè fún òyìnbó kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ kiri. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, kò rántí pé òun tà á. Ó ń wá síbí náà káàkiri ilé pẹ̀lú gbogbo wọn. Òyìnbó yẹn kò padà wá mọ́ láé. Lambert tọrọ àforíjì, wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí abúlé ṣe máa ń rí. A forí jì í, a ò gbàgbé.

Nígbà tó yá ni Naanii Hester wá sọ́dọ̀ Adelia. Naanii là ń pe ìyá àgbà, gbogbo abúlé ló sì ń pe Hester bẹ́ẹ̀. Òun ni àgbà agboolé Àkọ̀ nínú ìran Ìwò, àkọ̀ náà, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó máa ń dá dúró létí omi. Bí ará ìran Ìwò bá fẹ́ fín nǹkan ẹ̀yẹ, ìran Idì ló ń bẹ̀, Idì náà á sì bẹ Ìwò. Èèyàn kì í dá ara rẹ̀ lọ́lá. Naanii Hester gbé ìgò ẹja méjì wá, ó jókòó, ó sì mu tíì tí Adelia gbé fún un.

"Tíì rẹ yìí, ṣé o fi ewé sí i ni àbí o kàn fi ewé hàn án?"

"Ẹ má bínú, Naanii. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

"Jókòó. Mo ti mu ún ná. Ṣé ọwọ́ rẹ dilẹ̀?"

"Ó dilẹ̀ fún yín."

"Kì í ṣe fún èmi, fún Corinne ni. Ọmọ ọmọ mi ti tó gba orúkọ. Orúkọ ìyá mi ni mo fẹ́ fún un, mo sì fẹ́ kó ní ẹ̀gbà tirẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ àsè náà."

Gbogbo wa la mọ ìtàn Àkọ̀ dé ìwọ̀n àyè kan. Àwọn ọ̀tá fi ọkọ̀ ojú omi ya wọ abúlé kan láyé àtijọ́, àwọn èèyàn sá wọ igbó, jìnnìjìnnì sì mú kí ìyá kan gbàgbé ọmọ rẹ̀ nínú ìtẹ́ onígi létí òkun. Omi ń kún bọ̀. Àkọ̀ kan dúró ti ọmọ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí àwọn èèyàn padà, wọ́n bá ọmọ náà láàyè lórí àpáta. Ibẹ̀ ni ìtàn parí sí létí tiwa. Ṣùgbọ́n ó kù, èyí tó kù yẹn ni Naanii Hester rọra sọ fún Adelia lọ́jọ́ náà. Àkọ̀ náà kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ ni, ọmọ náà na ọwọ́, ó sì gbá ìyẹ́ àyà rẹ̀ mú. Ẹyẹ náà ké, ó jà, ó ní kó tú òun sílẹ̀. Ọmọ kò tú u. Nígbà tó rẹ ẹyẹ náà, ó ní, "Ó dáa. Bí o ò ti tú mi sílẹ̀, èmi náà ò ní tú agboolé rẹ sílẹ̀ láé." Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni orúkọ tí wọ́n fẹ́ fún Corinne ti wá.

Naanii Hester ní, "Èyí tí ayé mọ̀, fín in síta. Ọwọ́ ọmọ náà, inú ni kó wà, níbi tó ń kan ara. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ nìkan ni kó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Adelia, mi ò fún ọ ní ìtàn yìí o. Mo yá ọ ni. Bí o bá ti ṣiṣẹ́ tán, kí o dá a padà."

Adelia rẹ́rìn-ín. "Báwo ni wọ́n ṣe ń dá ìtàn padà, Naanii?"

"Nípa pípa ẹnu mọ́."

Adelia ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, ó tẹ́ ẹ sórí pákó iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi, nígbà tó di obìnrin arúgbó, pé òun kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú, òun kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ọrùn àkọ̀ náà yí ẹ̀gbà ká, ó fi ẹnu rẹ̀ ṣọ́ ìtẹ́ ọmọ. Nínú, ọwọ́ kékeré kan báyìí, ìka márùn-ún, ìyẹ́ kan ṣoṣo láàárín wọn. Naanii Hester gbà á, ó yí i wò, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi aṣọ pupa wé e, ó gbé e lọ sínú àpótí rẹ̀ títí ọjọ́ àsè. Kò sí ẹlòmíràn tó rí i. Amos, ọkọ Adelia, kò rí i. Lambert kò rí i.

Ohun tó dun Adelia gan-an nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó rárá. Ọdún tó ti ń fi àyà ti irin kò kéré, iṣẹ́ tó dára jù lọ nínú ayé rẹ̀ sì wà nínú òkùnkùn àpótí ìyá arúgbó kan. Ó mú fàdákà mìíràn nínú àpótí àjọni òun àti Lambert, ó sì fín ẹ̀gbà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ máa rí i nígbà míràn ni. Ó fín tìta, ó fín tinú pẹ̀lú, torí kò mọ bí èèyàn ṣe ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀.

Ọkùnrin kan wà nígbà náà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Vancouver, ó máa ń wọ ọkọ̀ òfuurufú tó ń bà lé omi wá ra ohun ọ̀nà lọ́wọ́ wa. Ó wọ ahéré náà lọ́jọ́ kan tí Lambert ti lọ sókun. Ẹ̀gbà náà wà lórí pákó, aṣọ kò bò ó dáadáa. Ọkùnrin náà mú un, ó yí i, ó rí inú rẹ̀, ó sì ṣí fìlà lórí bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ta ló ṣe èyí?"

Adelia ní, "Èmi ni."

Ó ní kò sí nǹkan tó máa ń mórí èèyàn wú tó ìbéèrè yẹn. Ọkùnrin náà ní òun á gbé e sínú gíláàsì, ní àárín ṣọ́ọ̀bù, kí gbogbo èèyàn lè máa wò ó.  Adelia ní kó máa gbé e lọ. Kí ọkọ̀ òfuurufú náà tó gbéra lórí omi ni ọkàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, ó sáré dé etí afárá onígi, ó dúró síbẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń kéré lọ lójú sánmà. Ó tu ara rẹ̀ nínú pé Vancouver jìnnà. Ta ló mọ Àkọ̀ níbẹ̀?

Corinne mọ̀ ọ́n. Ọsibítù kan ní Vancouver ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń bá wọn wẹ àwọn aláìsàn. Wọ́n gbé obìnrin òyìnbó kan wá fún àyẹ̀wò, obìnrin náà bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ fún Corinne pé kó bá òun mú un dání. Corinne rí àkọ̀. Ó yí i sínú, ó sì rí ọwọ́ ọmọ, èyí tí ìyá àgbà rẹ̀ ti sọ sí i létí pé òun nìkan ni yóò ní in. Ó di ẹ̀gbà náà mú títí wọ́n fi bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Obìnrin náà gba ẹ̀gbà rẹ̀ padà, ó dúpẹ́, ó lọ.

Corinne kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó wálé. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo abúlé ti gbọ́ pé wọ́n ti ta inú ìtàn Àkọ̀. Mo wà nínú ilé tí a ti ń yan ẹja lọ́jọ́ náà, àwa obìnrin bíi mélòó kan ń la ẹja, Adelia wà láàárín wa.

Ọ̀kan nínú wa ní, "Ẹ tún ń wádìí? Ṣebí Lambert lọ sí Vancouver láìpẹ́ yìí?"

"Ó lọ, ó sì mu. Àbúrò ọkọ mi rí i níbi tó ti ń bá òpó iná jà."

"Ta ló borí?"

"Òpó iná ni."

A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Ẹnì kan tún fi kún un pé, "Ẹni tó ta síbí baba ńlá rẹ̀, kí ni kò ní tà? Ẹ gbé ìgò síwájú rẹ̀, á ta òkun fún yín, á tún fi ìgbì ṣe ènì."

Adelia ń la ẹja lọ. Mo rántí pé ó la ọ̀kan títí ọ̀bẹ rẹ̀ fi gé dé pákó, kò sì dúró. A rò pé ìtìjú arákùnrin rẹ̀ ló ń ṣe é. A tilẹ̀ rọra panu mọ́ nítorí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Lambert wá bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò jókòó. Ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Adelia, ìwọ lo mọ ọwọ́ mi jù láyé. Ṣé èmi ni?"

"Kí ló dé tó o fi ń bi mí?"

"Nítorí mi ò mọ̀. Mo rí àwòrán yẹn lórí pákó nígbà tí ò ń ṣe é, mi ò lè sọ pé mi ò rí i. Mo gbé nǹkan iṣẹ́ mi dání lọ sí Vancouver. Ọjọ́ kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ ibi tí mo gbé e gbà. Mo ti fín nǹkan nínú ọtí rí, tí mo jí, tí mo ń bi ara mi ta ló fín in. Ìwọ náà mọ̀."

Fìlà tó dì mú náà ni Adelia ń wò.

"Sọ nǹkan kan fún mi. Fàdákà inú àpótí wa, ṣé ó dín?"

Fàdákà dín lóòótọ́. Òun ló mú un. Ó wo ojú Lambert, ó sì ní, "Ó dín."

Ó ní òótọ́ lòun sọ, kò sì sí irọ́ kan tóun pa láyé òun tó burú tó òótọ́ yẹn. Lambert mi orí sókè sódò bí ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ fún, ó ní, "Ó yé mi," ó sì sọ̀kalẹ̀. Ààrọ̀ ọjọ́ kejì ló lọ kúnlẹ̀ níwájú Naanii Hester, ó tọrọ àforíjì ohun tí kò ṣe. Ìyá náà ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ní agboolé Àkọ̀ kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ ilé àsè kan náà pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Bó ṣe kúrò níbẹ̀, Lambert kó gbogbo irin ìfín rẹ̀ sínú aṣọ tapólì, àwọn tí Silas fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọ́n fún un, ó gbé wọn síwájú Adelia.

"Gbà. Ọwọ́ tó ń ṣe ohun tí ẹni tó ni ín ò mọ̀, kò yẹ kó máa mú irin."

Adelia gbà á. Ó gbà á, ó sì gbé e sórí pẹpẹ.

Corinne ní òun kò gba orúkọ náà mọ́. Ó ní orúkọ tí inú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ wá, kí lòun fẹ́ fi ṣe? Ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Àsè tí Naanii Hester ti ń tọ́jú ẹja àti kúbùsù sílẹ̀ fún kò wáyé. Lambert di ẹni tó ń dá lọ sókun nínú ọkọ̀ kékeré kan. Kò fi ẹnu kan ọtí mọ́. Àwọn ọmọdé ń pè é ní "Ẹ̀gbà" lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́, kì í dá wọn lóhùn.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Lọ́dọ̀ Adelia, ẹni tó ṣu ni kò lè gbàgbé. Ó ń gbé ẹja lọ sílé Lambert, ó ń bá a lẹ àwọ̀n rẹ̀, ó fọ aṣọ rẹ̀ nígbà tí ibà dá a dúbúlẹ̀. Lambert á ní, "O ṣeun, Adelia. Ìwọ nìkan lo ò kọ̀ mí." Ó ní tí Lambert bá ti sọ bẹ́ẹ̀, òun á lọ dúró lẹ́yìn ilé títí èémí òun á fi balẹ̀. Òdòdó nìkan ló ń fín nígbà náà, òdòdó àti ewé, fún àwọn àjèjì tó ń wá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹranko kan kò jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Amos bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní ojú ń dun òun.

Ọdún yípo, òmíràn tún yípo. Ní ìgbà tí ẹja wẹ́wẹ́ ń yé ẹyin wọn sórí ewé òkun, tí gbogbo wa ń sá a sórí okùn, Naanii Hester ránṣẹ́ pe Adelia. Ara ìyá náà ti ń fà sẹ́yìn. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aṣọ pupa náà wà lórí itan rẹ̀.

Ó ní, "Mú un. Yọ́ ọ. Ó ti bàjẹ́, mi ò sì fẹ́ kú kí n fi ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀ nínú àpótí agboolé mi. Ìwọ lo fi ọwọ́ tó mọ́ ṣe é, ìwọ náà ni kó fi ọwọ́ tó mọ́ yọ́ ọ."

Adelia gbé ọwọ́ sókè láti gbà á. Ọwọ́ náà kò gbà á. Ó dúró lófuurufú bẹ́ẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Naanii, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo fín èkejì. Èmi ni mo gbé e fún ọkùnrin Vancouver. Lambert kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Naanii Hester kò pariwo. Ó wo ìta, sí ibi tí ewé òkun ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn.

"Kí ló dé tó o fi ṣe é? Ebi ń pa yín ni?"

"Rárá, Naanii. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i ni."

"Kí wọ́n rí i." Ìyá náà tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ wò. "Ṣé o ti sọ fún Lambert?"

"Rárá. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

"Èmi lo kọ́kọ́ wá bá, nítorí mo ti darúgbó, mo máa kú, yóò sì tán nílẹ̀. Dìde kúrò níwájú mi. Lọ bá arákùnrin rẹ. Bó o bá ti bá a sọ ọ́, wá mú ẹ̀gbà yìí, torí yíyọ́ ni wàá yọ́ ọ."

Lambert wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ létí afárá onígi, ó ń tú ìfun ẹja pẹlẹbẹ ńlá kan. Àwọn ẹyẹ òkun ń jà sí ìfun náà. Adelia dúró lórí afárá, kò lè sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀, ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ tán. Ọ̀bẹ Lambert dúró.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Nígbà tí mo wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ ńkọ́?"

"Mo mọ̀."

"Mo bi ọ́ bóyá fàdákà dín."

"O bi mí."

"O ní ó dín."

"Ó dín, Lambert. Èmi ni mo mú un."

Lambert rẹ́rìn-ín kan tí kò ní ìdùnnú nínú. Ó tẹ ọ̀bẹ bọ omi, ó ṣàn án, ó tún ṣàn án. "Ṣé o mọ̀ pé mi ò fẹnu kan ọtí láti ọjọ́ yẹn? Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá lè ṣe irú nǹkan yẹn kí n má sì mọ̀, á jẹ́ pé mo lè pa èèyàn. Ẹ̀rù ara mi ló gba ọtí lẹ́nu mi."

Adelia la ẹnu.

Lambert na ọ̀bẹ sí i. "Má sọ ọ́. Ohun tó wà lẹ́nu rẹ yẹn, gbé e mì. Kì í ṣe ìwọ lo wò mí sàn."

"Mi ò fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀."

"O fẹ́ sọ ọ́." Ó padà sídìí ẹja rẹ̀. "Máa lọ sílé, Adelia. Bí mo bá fẹ́ rí ọ, mo mọ ilé rẹ."

Kò wá. Ìgbà tí Adelia kó àwọn àgbà ìran Idì jọ tó sì sọ ọ́ fún wọn, Lambert jókòó lápá ibi ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà ní ìtìjú méjì ló wà nílẹ̀ báyìí, ti agboolé Àkọ̀ àti ti Lambert, kò sì sí omi tó ń wẹ ìtìjú lọ́dọ̀ wa ju àsè lọ: kí ẹni tó ṣẹ̀ dìde níwájú ìran méjèèjì, kó sọ ọ́ ní gbangba, kó sì fún àwọn tó gbọ́ ní ẹ̀bùn kí wọ́n lè jẹ́rìí pé ó ti wẹ̀ ẹ́. Amos, tó jẹ́ ará Ìwò, kò gbọdọ̀ dá sí i, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń la igi lẹ́yìn ilé títí ìgbà tí òkìtì rẹ̀ ga ju fèrèsé lọ. Adelia kó gbogbo ohun tó ní jáde. Kúbùsù, ìgò ẹja, òróró ẹja, èso igbó tó fi ṣúgà sè, ẹ̀gbà gbogbo tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, títí kan èyí tí Silas fín fún un nígbà tó lọ sílé ọkọ.

Ilé àsè kún. Ojú ọ̀pọ̀ wa ò lè gbé sókè, torí ẹnu wa wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Corinne wá láti Vancouver, ó jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀. Adelia dìde. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́ ọ.

"Wọ́n yá mi ní ìtàn, mi ò dá a padà. Mo gbé e fún àjèjì nítorí kó lè yìn mí. Nígbà tí wọ́n di ẹ̀bi náà ru arákùnrin mi, mo wò ó, mo sì bá wọn gbé e lé e lórí. Lambert kò ta nǹkan kan. Ẹ jẹ́rìí mi."

Ó pín ẹ̀bùn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Naanii Hester. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Lambert, ó kó aṣọ tapólì náà fún un, irin ìfín rẹ̀ pé nínú rẹ̀, ó ti fi òróró nù wọ́n. Lambert gbà á. Kò wo ojú rẹ̀.

Naanii Hester ní kí Adelia yọ́ ẹ̀gbà àkọ́kọ́ náà níṣojú òun, nínú ahéré, ní ọ̀sán gangan. Adelia yọ́ ọ. Ọrùn àkọ̀ ló kọ́kọ́ wọ́, ó ní ọwọ́ ọmọ náà ló kẹ́yìn, àfi bí ẹni pé kò fẹ́ lọ. Nígbà tí fàdákà náà tutù, ìyá àgbà gbé e fún Lambert.

"Fín òmíràn fún Corinne."

"Naanii, ọwọ́ mi ti le. Okùn ni mo ń fà láti ìgbà yẹn."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ọwọ́ rẹ rọ̀."

Lambert fi òòlù na fàdákà náà pẹlẹbẹ bí àwọn baba wa ṣe ń na owó fàdákà láyé àtijọ́, ó sì fín in. Ilà ibì kan gbọ̀n díẹ̀ lẹ́yìn orí àkọ̀, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á rí i. Kó tó fín inú rẹ̀, Naanii Hester ní kí gbogbo wa jáde, Adelia náà, ó sì sọ nǹkan kan sí Lambert létí. Ìtàn mìíràn ni o, àbí ìyókù èyí tí Adelia gbọ́, kò sí ẹni tó mọ̀ ju Lambert àti Corinne lọ. Corinne gba orúkọ ní ìgbà òtútù ọdún náà. Naanii Hester rí i kó tó kú.

Lambert padà sí ahéré. Wọ́n tún jọ ń ṣiṣẹ́ lórí pákó kan náà, wọ́n á jọ mu kọfí, Lambert á bú u pé ó ń lo iná jù, Adelia á ní kó lọ ra tirẹ̀. Ẹni tó bá wọlé lójijì á rò pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n Lambert ra àgádágodo kékeré kan, ó sì ń ti fàdákà tirẹ̀ mọ́ inú àpótí mìíràn. Adelia kò béèrè ìdí rẹ̀ rí. Ó ní ó tọ́ sí òun.

Ẹ̀gbà kejì kò padà wá. Ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù náà ti kú nígbà tí Adelia lọ wá a, àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ ẹni tó rà á. Lóòrèkóòrè ni mo máa ń bá a lọ sí etí omi nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá kó àwọn àlejò dé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú àwọn èèyàn là ń wò, àwa yòókù, ká lè kí wọn. Ọrùn ọwọ́ wọn ni Adelia máa ń wò, obìnrin kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ẹni ìkẹyìn á fi sọ̀kalẹ̀.